Hurricane: bí wọ́n ṣe ń fi ìpele sí i àti bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lórúkọ

Láti oṣù kẹfà títí di ìparí oṣù kọkànlá lọ́dọọdún, ìròyìn ìjì líle kì í kúrò lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù Caribbean. Ẹni tó bá ní ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ní Houston, ní Miami tàbí ní Havana, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ lásìkò yìí, pàápàá nínú oṣù kẹsàn-án tí ìjì máa ń pọ̀ jù. Àwọn ìbéèrè tí mò ń gbọ́ lẹ́nu irú àwọn ẹbí bẹ́ẹ̀ ni mo kó jọ síbí, mo sì fún èyí tó kan ẹ̀mí ènìyàn láyè ju àwọn yòókù lọ.

Kí ni hurricane gan-an?

Ìjì ńlá ni, tó máa ń ṣẹ̀ lórí òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní apá ilé ayé tí oòrùn ti ń mú dáadáa. Kì í ṣe atẹ́gùn tó kàn ń fẹ́ lọ ṣáá. Ńṣe ló máa ń yí po. Ojú kan máa ń wà láàárín rẹ̀ tí ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, àmọ́ ìkúùkù tó dúró bí ògiri yí ojú náà ká ni ẹ̀fúùfù ti le jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jáde síta nígbà tí ojú ìjì wà lórí wọn, wọ́n rò pé ó ti parí, kò sì pẹ́ tí apá kejì fi dé.

Omi òkun ní láti gbóná tó nǹkan bí 26.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí irú ìjì bẹ́ẹ̀ tó lè rí agbára, ooru náà kò sì gbọdọ̀ mọ sójú omi nìkan. Bí ìjì náà bá ti gun orí ilẹ̀, tàbí tó bọ́ sórí omi tútù, agbára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.

Typhoon àti cyclone ńkọ́? Ṣé ìjì mìíràn ni wọ́n?

Ìjì kan náà ni. Ibi tó ti jà ló yí orúkọ padà. Lórí Òkun Atlantic àti ní ìlà-oòrùn Òkun Pacific, hurricane ni wọ́n ń pè é. Ní ìhà Japan, China àti Philippines, typhoon ni. Lórí Òkun India àti ní gúúsù Pacific, cyclone ni. Idai tó ba ìlú Beira jẹ́ ní Mozambique ní oṣù kẹta ọdún 2019, cyclone ni wọ́n pè é; ká ní orí Atlantic ló ti jà ni, hurricane ni ì bá máa jẹ́.

Wọ́n á ní tropical depression, wọ́n á tún ní tropical storm, kí wọ́n tó wá dé hurricane. Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀?

Bí ẹ̀fúùfù ṣe yára tó ni. Àwọn awojú-ọjọ́ Amẹ́ríkà máa ń wọn ẹ̀fúùfù tó wà ní mítà 10 sókè, wọn kì í sì í lo èyí tó kàn rọ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan, bí kò ṣe èyí tó fẹ́ fún odindi ìṣẹ́jú kan.

Tí kò bá tíì tó kìlómítà 63 láàárín wákàtí kan, tropical depression ni, ìyẹn ìjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kóra jọ. Nọ́ńbà ni wọ́n máa ń fún un, kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń sọ lórúkọ. Bó bá ti pé kìlómítà 63, ó di tropical storm, ìgbà yẹn ló gba orúkọ. Bó bá pé 119, ó ti di hurricane, ṣùgbọ́n orúkọ tó ti ń jẹ́ bọ̀ náà ni yóò máa jẹ́ lọ.

Ní Japan àti Australia, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi ń wọn tiwọn. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ méjì fi lè sọ iye tó yàtọ̀ nípa ìjì kan ṣoṣo, láìsí pé ọ̀kan nínú wọn ń parọ́.

Ìpele 1 dé Ìpele 5 tí wọ́n ń pè ní Category lórí tẹlifíṣọ̀n, kí ni ìtumọ̀ wọn?

Ìpele 1 bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà 119 dé 153 láàárín wákàtí kan. Ìpele 2 lọ láti 154 dé 177, Ìpele 3 láti 178 dé 208, Ìpele 4 láti 209 dé 251. Láti 252 lọ sókè, Ìpele 5 ni, kò sì sí ìpele kankan lókè rẹ̀ mọ́. Èyíkéyìí tó bá ti dé Ìpele 3 ni wọ́n ń pè ní major hurricane.

Ẹ má rò pé Ìpele 4 kàn fi ìlọ́po mẹ́rin le ju Ìpele 1 lọ. Bí ẹ̀fúùfù bá fi díẹ̀ yára sí i, ọṣẹ́ tó ń ṣe máa ń fò sókè gan-an ni. Ní Ìpele 1, òrùlé lè ṣí, igi lè wó lu wáyà, iná á sì lọ. Ní Ìpele 4, òrùlé ilé tí wọ́n kọ́ dáadáa pàápàá lè lọ pẹ̀lú apá kan ògiri rẹ̀, àdúgbò náà sì lè má ṣeé gbé fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù púpọ̀.

Ta ló gbé ìwọ̀n yìí kalẹ̀?

Àwọn méjì ni, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Saffir-Simpson. Herbert Saffir jẹ́ ẹnjiníà ní Florida, ohun tó ká a lára ni ohun tí ẹ̀fúùfù ń fi ojú ilé rí. Robert Simpson ni olórí National Hurricane Center nígbà náà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ìjì ní Miami. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún aráàlú. Nígbà yẹn, ìwọ̀n náà tún máa ń sọ bí òkun yóò ṣe ga tó nígbà tó bá ya wọ ilẹ̀. Ní ọdún 2010, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ òkun kúrò nínú rẹ̀, torí pé ìjì tó wà ní ìpele kan náà lè gbé omi tó yàtọ̀ síra gan-an wọlé. Láti ìgbà náà, ẹ̀fúùfù nìkan ni ìpele ń wọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ní, "Ìpele 1 péré ni o, ẹ má ṣèyọnu." Ṣé kí n gbà bẹ́ẹ̀?

Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Ìpele kò sọ nǹkan kan nípa òjò. Kò sọ nǹkan kan nípa òkun tó máa ya wọ àdúgbò. Kò sọ bóyá ìjì náà fẹ̀ tàbí kò fẹ̀, bóyá ó ń sáré kọjá lọ tàbí ó fẹ́ jókòó sójú kan. Bẹ́ẹ̀, omi ló ń pànìyàn jù. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí ìjì wọ̀nyí pa ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1963 sí 2012, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló bómi lọ. Òkun tó ya wọ ilẹ̀ nìkan pa nǹkan bí ìdajì gbogbo wọn.

Houston fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Allison wọ Texas ní oṣù kẹfà ọdún 2001. Kò di hurricane rí, kò ní ìpele kankan, síbẹ̀ òjò rẹ̀ fi omi bo ìlú náà débi pé omi wọ abẹ́ ilé àwọn ọsibítù ńlá. Ní ọdún 2017, Harvey wọlé lẹ́bàá Rockport ní Ìpele 4 lọ́jọ́ 25 oṣù kẹjọ. Nígbà tó fi máa rin Houston gbingbin, ó ti rẹ̀ sílẹ̀ di tropical storm, àwọn tó ń wo nọ́ńbà nìkan sì lè rò pé ewu ti kọjá. Kò kúrò. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló fi ń rá pálá lágbègbè náà. Òjò tó rọ̀ ní Nederland, ní Texas, lé ní mílímítà 1,500. Ìbàdàn kì í sábà rí òjò tó tó bẹ́ẹ̀ ní odindi ọdún kan.

Katrina ti wà ní Ìpele 5 lórí omi, ó sì ti wálẹ̀ sí Ìpele 3 nígbà tó wọ Louisiana lọ́jọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2005. Òkun tó gbé wá ga ju ilé lọ létí òkun Mississippi. Ní New Orleans, àwọn ògiri tí wọ́n fi ń dá omi dúró ya, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú náà sì wà nínú omi. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan.

Nípa "Ìpele 1 péré" gan-an: Ìpele 1 ni Beryl wà nígbà tó wọ Texas lọ́jọ́ 8 oṣù keje ọdún 2024. Ó mú iná lọ ní ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní mílíọ̀nù méjì, nínú ooru oṣù keje, àwọn mìíràn sì wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ púpọ̀. Àgbàlagbà tó ń lo ẹ̀rọ amúlétutù kí àìsàn ọkàn rẹ̀ má bàa le, ewu ńlá ni ooru bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún un.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń pe ẹ̀gbọ́n yín, ẹ bi wọ́n pé: ṣé ilé yín wà níbi tí omi máa ń dé? Ṣé ìjọba ti ní kí àwọn ará àdúgbò yín kó kúrò? Ṣé ìjì yìí ń yára ni, àbí ó ń falẹ̀? Tí wọ́n bá sì fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn tí iná bá lọ, kí wọ́n gbé e jìnnà sí ilé, sí fèrèsé, sí gáréèjì. Àwa tí a mọ èéfín jẹnẹrétọ̀ nílé kò nílò àlàyé púpọ̀. Ó ń pa odindi ìdílé lójú oorun lẹ́yìn ìjì ní Amẹ́ríkà náà.

Kí ló wà láàárín watch àti warning?

Hurricane watch túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kí ìjì náà dé ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí 48 kí ẹ̀fúùfù líle tó bẹ̀rẹ̀. Hurricane warning túmọ̀ sí pé wọ́n ń retí rẹ̀ níbẹ̀ gan-an, wákàtí 36 ṣáájú ni. Ẹni tó bá dúró di warning kó tó ra omi àti epo, yóò bá èrò lórí ìlà.

Àwòrán tó ń fẹ̀ bí ó ti ń lọ síwájú tí ẹ ń rí lórí máàpù, ibi tí àárín ìjì lè gbà ló ń fi hàn. Kì í ṣe bí ìjì náà ṣe fẹ̀ tó. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlà náà kò tíì bọ́ nínú ewu.

Ta ló ń lọ sí àárín òkun lọ wọn ẹ̀fúùfù?

Ọkọ̀ òfuurufú ló ń wọ inú rẹ̀ lọ, ní tààràtà, títí dé ojú ìjì. Àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà kan àti àwọn awojú-ọjọ́ ìjọba ibẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ akin yìí. Wọ́n á ju ẹ̀rọ kékeré tó ní agboòrùn sílẹ̀ láti inú ọkọ̀, ẹ̀rọ náà á sì máa ròyìn ẹ̀fúùfù, ooru àti ọ̀rinrin títí tó fi máa kan omi. Ní ọ̀pọ̀ apá ayé tí kò sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àwòrán sátẹ́láìtì ni wọ́n ń wò. Vernon Dvorak ló kọ́ wọn, láwọn ọdún 1970, bí wọ́n ṣe lè fi ìrísí ìkúùkù díwọ̀n agbára ìjì.

Kí gbogbo èyí tó dé, Benito Viñes, àlùfáà Ìjọ Kátólíìkì kan ní Havana, ti ń wo ìkúùkù, atẹ́gùn àti ìgbì òkun láti ilé ẹ̀kọ́ Belén, ó sì kìlọ̀ fáwọn ará Cuba ṣáájú ìjì ní ọdún 1875. Ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu wa ju bó ṣe wà lọ.

Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ wa ní Áfíríkà ni wọ́n ti ń wá?

Òótọ́ ni fún púpọ̀ nínú wọn. Lásìkò òjò, ooru aṣálẹ̀ Sahara àti ìtutù etíkun wa kò dọ́gba, ìyàtọ̀ yìí sì ń bí atẹ́gùn líle kan tó ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, lókè lọ́hùn-ún lórí ilẹ̀ Sahel. Atẹ́gùn náà máa ń gbọ̀n bí ìgbì. Ìgbì kan á kọjá, òmíràn á tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, tòun ti òjò àti àrá, láti ìhà Chad àti Nàìjíríà títí dé Senegal, kó tó bọ́ sórí òkun lápá Cape Verde.

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ìjì tó máa ń ti ìlà-oòrùn wá. Ọ̀run á ṣú dẹ̀dẹ̀, ẹ̀fúùfù á gbé eruku, páànù á máa dún, òjò á wá tẹ̀ lé e. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ àti ìgbì afẹ́fẹ́ tí mò ń sọ yìí máa ń jọ rìn nígbà mìíràn.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbì náà máa ń tú ká sórí òkun láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nínú àwọn hurricane Atlantic tó dé Ìpele 3 sókè, nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ara ìgbì wọ̀nyí wá. Ní Cuba, níbi tí àwọn ọmọ Lukumí, ìyẹn àtọmọdọ́mọ Yorùbá tó wà níbẹ̀, ti ń bọ Ọya títí dòní, ìjì tó dé bá wọn lè jẹ́ èyí tó kọjá lórí ilẹ̀ wa ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń wọ̀ mí lọ́kàn. Ó yẹ kí iye ibùdó tí wọ́n ti ń wo ojú ọjọ́ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pọ̀ jù báyìí lọ, fún àǹfààní tiwa àti tiwọn.

Kí ló dé tí hurricane kì í ja Èkó, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń gbéra?

Ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń lọ, wọ́n ń kẹ̀yìn sí wa ni. Èkó tún sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí yíyí ayé kò ti lágbára tó láti mú kí ìjì yí po dáadáa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, omi etíkun wa máa ń tutù láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, ìgbà tí ìjì nílò omi gbígbóná jù. Ìjì tó ń ṣí páànù nílé wa burú, àmọ́ kì í ṣe hurricane.

Ta ló ń sọ wọ́n lórúkọ, kí sì ni wọ́n nílò orúkọ fún?

WMO ni, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ojú ọjọ́, nípasẹ̀ ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjì ń jà. Fún Atlantic, àkọsílẹ̀ mẹ́fà ló wà, orúkọ 21 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò wọ́n ní A-B-D, wọ́n sì fo Q, U, X, Y àti Z. Orúkọ ọkùnrin kan, orúkọ obìnrin kan ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Sípáníìṣì àti Faransé ni wọ́n ti mú wọn, torí èdè àwọn tí ìjì ń dé bá nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi rí Àjọkẹ́ tàbí Akin níbẹ̀. Bí ọdún mẹ́fà bá pé, àkọsílẹ̀ kìíní á padà wá. Wọn kì í fi ẹnì kan pàtó sọ ìjì.

Ìjì mẹ́ta lè wà lórí òkun lẹ́ẹ̀kan náà. Tí rédíò bá ń kígbe nọ́ńbà ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí máàpù, ènìyàn á pa wọ́n pọ̀ mọ́ra. Orúkọ rọrùn láti há sórí.

Wọ́n ní orúkọ obìnrin nìkan ni tẹ́lẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bẹ́ẹ̀ ni, láti ọdún 1953 títí di 1978 lórí Atlantic. Kó tó di ìgbà náà, ní Puerto Rico, ẹni mímọ́ tí ọjọ́ rẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ ìjì ni wọ́n fi ń pè é. San Felipe jà lọ́jọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1876, òmíràn sì tún jà lọ́jọ́ náà gan-an ní ọdún 1928, ni wọ́n bá pè é ní San Felipe kejì. Ní Australia, ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, awojú-ọjọ́ kan tó ń jẹ́ Clement Wragge ń fi orúkọ àwọn olóṣèlú tí inú rẹ̀ kò dùn sí sọ ìjì.

Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà kò gbà kí wọ́n máa fi orúkọ tiwọn nìkan pe ohun tó ń pa ìlú run. Roxcy Bolton ní Florida wà níwájú nínú ìjà náà. Ní ọdún 1979, orúkọ ọkùnrin wọ àkọsílẹ̀ Atlantic, Bob ló sì ṣíwájú.

Tí orúkọ 21 bá tán kí ọdún tó parí ńkọ́?

Ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2005 àti 2020, wọ́n sì lo álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì nígbà méjèèjì. Ìjì 30 ló gba orúkọ ní 2020. Zeta, Eta àti Theta jọra létí jù, ìdàrúdàpọ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni Eta àti Iota sì ba Nicaragua àti Honduras jẹ́ gidigidi. Ní 2021, WMO pa àṣà náà tì, wọ́n sì ṣe àkọsílẹ̀ orúkọ ènìyàn mìíràn tí wọ́n á máa fà yọ.

Ṣé a tún lè gbọ́ Katrina mọ́?

Rárá. Bí ìjì kan bá ṣe jàǹbá tó pọ̀, orílẹ̀-èdè tó kàn lè bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n yọ orúkọ náà kúrò, nítorí ọgbẹ́ ọkàn àwọn ènìyàn. Katia ló rọ́pò Katrina, Harold rọ́pò Harvey, Idalia rọ́pò Irma, Brianna sì rọ́pò Beryl. Wọ́n yọ Allison náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò di hurricane rí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Éṣíà?

Láti ọdún 2000, orílẹ̀-èdè àti agbègbè 14 ló kó orúkọ 140 jọ fún typhoon. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe orúkọ ènìyàn, orúkọ òdòdó, ẹranko àti ẹyẹ ni. Philippines tún ń fún wọn ní orúkọ tirẹ̀. Haiyan tó pa ènìyàn tó lé ní 6,000 ní 2013, Yolanda ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é.

A ní ẹbí ní Brazil. Ṣé hurricane máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn?

Ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Omi ibẹ̀ kì í sábà gbóná tó, ẹ̀fúùfù òkè sì máa ń tú ìjì ká. Ní oṣù kẹta ọdún 2004, ọ̀kan dé ìpínlẹ̀ Santa Catarina, ó ya gbogbo ayé lẹ́nu. Kò sí àkọsílẹ̀ orúkọ fún apá òkun yẹn nígbà náà, ni wọ́n bá fi orúkọ ìpínlẹ̀ náà pè é ní Catarina. Ní báyìí, àwọn ọmọ ogun ojú omi Brazil ló ń sọ wọ́n lórúkọ.

Àbúrò mi ní London ń sọ̀rọ̀ nípa Storm Eunice. Ṣé hurricane nìyẹn náà?

Rárá. Ìjì ilẹ̀ olótùútù ni èyí tó ń ja Ìlú Ọba. Ibi tí afẹ́fẹ́ tútù àti afẹ́fẹ́ gbígbóná ti pàdé ló ti ń rí agbára tirẹ̀, kì í ṣe láti inú òkun gbígbóná, wọn kì í sì í fi Ìpele 1 dé 5 wọ̀n ọ́n. Láti ọdún 2015 ni ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Ìlú Ọba àti ti Ireland ti ń jọ sọ wọ́n lórúkọ, Netherlands sì dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Àfi tí ìjì kan bá ti jẹ́ hurricane lórí Atlantic, tí ìyókù rẹ̀ wá rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Irú bẹ́ẹ̀ kì í gba orúkọ tuntun. Ophelia tó ja Ireland lọ́jọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2017, láti Miami ni wọ́n ti sọ ọ́.